FLORENCE NIGHTINGALE: OBÌNRIN TÍ Ó FI ÌṢIRÒ DÍ IKÚ LỌ́NÀ

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn nọ́ọ̀sì gbogbo àgbáyé a máa ṣe àjọ̀dún iṣẹ́ wọn. Ọjọ́ náà ni a bí Omidan Florence Nightingale, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òun ni ìyá iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ti òde òní. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ wa ni ó ti rí àwòrán rẹ̀: obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gbé fìtílà dání lóru, tí ó ń kọjá láàrin ibùsùn àwọn ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́. Àwòrán náà dára, kì í sì í ṣe irọ́. Àmọ́ ó ti ṣíji bo ohun tí ó tóbi jù lọ nínú ìgbésí ayé obìnrin náà, èyí tíí ṣe kálámù rẹ̀ àti ìwé ìṣirò rẹ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jókòó ti ikú, ó kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó wádìí ibi tí ó ti wá, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà tí a lè gbà dí i lọ́nà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn nọ́ọ̀sì nìkan. Ó kan olùkọ́, ó kan òṣìṣẹ́ ìjọba, ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí òun dáwọ́ lé ń lọ síwájú ni tàbí ó ń padà sẹ́yìn.

ỌMỌ ỌLỌ́RỌ̀ TÍ Ó YAN IṢẸ́ TÁLÁKÀ

Ní ọdún 1820 ni a bí i ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti í pe ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà ní Abíọ́nà. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni ó ní, Parthenope, ẹni tí a bí ní ìlú Naples ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀. Baba wọn, William Edward Nightingale, jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí ó jogún ilẹ̀ àti owó. Ilé ńlá méjì ni ó ní, ọ̀kan ní Lea Hurst ní ẹkùn Derbyshire, èkejì ní Embley ní ẹkùn Hampshire. Baba yìí mọ̀wé púpọ̀, kò sì gbà pé ọmọbìnrin kò yẹ fún ìwé. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ọmọ náà ní èdè Gíríìkì àti ti Látìn, pẹ̀lú ìtàn àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni ọkàn Florence fà sí jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìyá rẹ̀ kò dùn sí i pé kí ọmọbìnrin máa fi ojoojúmọ́ ṣe ìṣirò.

Ní oṣù kejì ọdún 1837, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ó gbà pé Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ kan. Kò mọ irú iṣẹ́ náà. Ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó yé e pé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ni. Ní ọdún 1845, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ìlú Salisbury. Ìjì jà nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé mọ ìdí rẹ̀. Ní àkókò náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòsàn jẹ́ ibi tí àwọn òtòṣì ń lọ kú sí, àwọn tí ó sì ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn níṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì mọ̀ mọ́ ọtí mímu. Lójú ìyá àti ẹ̀gbọ́n Florence, ó dà bí ẹni pé ọmọ ọba ní òun ń lọ gbálẹ̀ ọjà. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Ọmọ náà kò bá wọn jà, kò sì fi èrò rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìdájí, kí ará ilé tó jí, a máa tan àbẹ́là, a sì máa ka ìwé ìròyìn ìjọba nípa ilé ìwòsàn àti ìlera àwọn ará ìlú, a máa ṣe àdàkọ àwọn iye tí ó wà nínú wọn sínú ìwé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 1849, ó kọ ọkùnrin kan tí ó ti ń fẹ́ ẹ láti ìgbà pípẹ́, Richard Monckton Milnes, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, nítorí ó mọ̀ pé ilé ọkọ yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Ní ọdún 1851, nígbà tí ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó rí àyè lọ lo oṣù mẹ́ta ní Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Pásítọ̀ Theodor Fliedner ti ń kọ́ àwọn obìnrin onígbàgbọ́ ní iṣẹ́ ìtọ́jú. Ní ọdún 1853, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn kékeré kan fún àwọn obìnrin ní òpópónà Harley ní London. Baba rẹ̀ gbà nígbẹ̀yìn, ó sì ń fún un ní £500 lọ́dọọdún kí ó lè dá dúró.

ILÉ IKÚ NÍ SCUTARI

Ní oṣù kẹta ọdún 1854, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé gbè lẹ́yìn ilẹ̀ Tọ́kì láti bá ilẹ̀ Rọ́ṣíà jagun. Ní Crimea, ní etí Òkun Dúdú, ni ogun náà ti gbóná. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọgbẹ́, àti èyí tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, ni a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó lọ sí Scutari, ní òdìkejì omi sí ìlú Constantinople tí a ń pè ní Istanbul lónìí. Àwọn akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn The Times kọ̀wé ránṣẹ́ sí ilé nípa ìyà tí ń jẹ àwọn ènìyàn náà, ariwo sì ta ní London. Kálámù àwọn akọ̀ròyìn ni ó la ojú ìjọba nígbà náà, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ìwúrí fún àwa tí a ń fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun.

Sidney Herbert, ọ̀kan nínú àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ogun, jẹ́ ọ̀rẹ́ Florence. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kó àwọn obìnrin lẹ́yìn lọ sí Scutari. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1854, ó gbéra ní London pẹ̀lú obìnrin 38. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n gúnlẹ̀.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ burú ju ohun tí ìwé ìròyìn kọ lọ. Bárékè àwọn ọmọ ogun Tọ́kì ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn. Àwọn aláìsàn sùn sílẹ̀ ní ìlà gígùn, eku ń sáré láàrin wọn. Kò sí aṣọ ìpààrọ̀, kò sí ọṣẹ, kò sí àwo oúnjẹ tí ó tó. Abẹ́ ilé náà sì kún fún ihò ìdọ̀tí tí ó ti dí, tí òórùn rẹ̀ ń gòkè wá bá àwọn tí ó dùbúlẹ̀. Àwọn dókítà ológun kò fẹ́ rí obìnrin kankan níbẹ̀. Florence kò bá wọn ṣe gbólóhùn asọ̀. Ó pàṣẹ fún àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn kankan àfi bí dókítà bá pè wọ́n. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi kó ọgọ́ọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbọgbẹ́ dé, ọwọ́ àwọn dókítà kò sì ká iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n pè wọ́n.

Láti ìgbà náà ni ó ti fi owó tí àwọn òǹkàwé The Times dá, pẹ̀lú owó tirẹ̀, ra aṣọ, oúnjẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀. Ó ṣí ilé ìdáná fún oúnjẹ àwọn tí àìsàn wọn le, ó gba ilé kan fún aṣọ fífọ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ìyá àti ìyàwó àwọn tí ó kú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa gbé fìtílà rìn yí ibùsùn wọn ká. Níbẹ̀ ni orúkọ Arábìnrin Onífìtílà ti jáde, tí ó sì tàn dé gbogbo ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ọmọdé kì í sọ. Ikú kò dín kù nígbà tí ó dé. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Ní ìgbà òtútù kan ṣoṣo náà, àwọn ọmọ ogun tí ó kú ní Scutari lé ní 4,000. Ní oṣù kejì ọdún 1855, nínú 100 aláìsàn tí a tọ́jú, nǹkan bí i 42 ni ó kú. Aṣọ mọ́, oúnjẹ dára, àwọn nọ́ọ̀sì kò sùn, síbẹ̀ ilé náà ń pa ènìyàn.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, ìjọba rán àwọn aṣèwádìí ìmọ́tótó wá, Dókítà John Sutherland sì wà nínú wọn. Wọ́n tú àwọn ihò abẹ́ ilé, wọ́n fi omi ṣàn wọ́n, wọ́n kó òkú ẹran kúrò ní àyíká, wọ́n fi ẹfun kun ògiri, wọ́n ṣí ojú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa dé, àwọn tí ń kú ti dín sí nǹkan bí i 2 péré nínú 100.

NÍGBÀ TÍ Ó KA ÀWỌN ÒKÚ

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1856, lẹ́yìn ogun, ó padà sílé. Gbogbo ìlú ti múra àtifi ìlù àti fèrè pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ibà kan tí ó kọlù ú ní Crimea ní ọdún 1855 ti ba ara rẹ̀ jẹ́, láti ọdún 1857 lọ sì ni ó ti jẹ́ pé orí ibùsùn tàbí inú yàrá ni ó ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Àní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó rí Ọbabìnrin Victoria ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1856, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ìlera àwọn ọmọ ogun. Florence kò lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà nítorí pé obìnrin ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣètò ìwé àti ẹ̀rí fún wọn. Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ jù ni William Farr, ògbógi nínú ìṣirò, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Àwọn méjèèjì kó gbogbo àkọsílẹ̀ ogun jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ohun mẹ́ta ni ìṣirò náà fi hàn. Èkíní, àwọn tí àìsàn pa lójú ogun pọ̀ ju àwọn tí ọta ìbọn pa lọ fíìfíì. Èkejì, ọmọ ogun tí ó jókòó sí bárékè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò rí ogun rárá, ń kú tó bí ìlọ́po méjì ọ̀dọ́kùnrin ìlú tí kò ṣe iṣẹ́ ológun. Ẹ̀kẹta ni ó wọ̀ ọ́ lára jù. Scutari, tí ó jìnnà sí ojú ogun, tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì níbẹ̀, burú ju àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí ojú ogun lọ. Ṣáájú ìgbà náà, ó ti gbà pé ebi, ìyà àti pípẹ́ kí a tó gbé àwọn aláìsàn dé ni ó ń pa wọ́n. Ìṣirò sọ fún un pé ìdọ̀tí abẹ́ ilé àti àpọ̀jù ènìyàn nínú yàrá ni ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, nínú ilé tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ yìn ín.

Níbí yìí ni a ti rí irú ènìyàn tí ó jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ká ìwé náà, kí ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, kí ó sì máa jẹ ògo fìtílà lọ. Florence kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí ó tẹ̀ ní ọdún 1858, ó sì pín in fún àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn. Nítorí tí ó mọ̀ pé àwọn mínísítà kì í fẹ́ ka ìṣirò tí ó gùn, ó ya àwòrán kan tí ó rí bí òdòdó tí ó tanná. Ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan dúró fún oṣù kan nínú ogun. Àwọ̀ búlúù ni àwọn tí ó kú ikú àìsàn tí a lè dènà, pupa ni àwọn tí ọgbẹ́ pa, dúdú ni àwọn tí nǹkan mìíràn pa. Ẹni tí kò mọ ìṣirò rárá yóò rí i pé búlúù ni ó gba ojú ìwé. Ní ọdún 1858 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ti London gbà á wọlé, òun sì ni obìnrin kìíní tí wọ́n gbà. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n tún bárékè ṣe, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn dókítà ológun, wọ́n sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa ka àìsàn àti ikú àwọn ọmọ ogun.

Nínú àṣà wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àṣà náà ní ìdí tirẹ̀, a kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kú sí ọwọ́ ìjọba, sínú ilé ìwòsàn tí owó orí àwọn ará ìlú kọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kà á, nítorí ikú tí a kò kà ni yóò padà wá mú òmíràn. Ohun tí Florence gbé lọ sí iwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò gbogbo ayé nìyẹn nígbà tí wọ́n péjọ ní London ní ọdún 1860. Ó bẹ̀ wọ́n kí gbogbo ilé ìwòsàn máa lo irú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà àti orúkọ àìsàn kan náà, kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì, kí a sì mọ èyí tí ń wo ènìyàn sàn àti èyí tí ń pa wọ́n.

ILÉ-ÌWÉ ÀWỌN NỌ́Ọ̀SÌ

Nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti dá owó jọ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí i £45,000. Kò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀ fún ara rẹ̀. Ní ọdún 1860, ó fi owó náà dá ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London. Akẹ́kọ̀ọ́ bí i 15 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mátíróònù ilé ìwòsàn náà, Ìyáàfin Sarah Wardroper, ni olórí wọn. Ọdún kan ni ẹ̀kọ́ náà, ilé-ìwé ni ó ń pèsè ilé, oúnjẹ àti aṣọ fún wọn. Ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó tẹ ìwé kékeré kan jáde nípa ìtọ́jú aláìsàn, tí tọmọdé tàgbà sì ń kà.

Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò fẹ́ mọ bí a ṣe ń díwọ̀n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Lóṣooṣù, mátíróònù ní ìwé kan tí ó ń kọ̀wé sí nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan. Apá kan wà fún ìwà: ṣé a máa dé lásìkò, ṣé ó ṣeé fọkàn tán, ṣé ó jẹ́jẹ́, ṣé ó mọ́ tónítóní? Apá kejì wà fún iṣẹ́ ọwọ́: bí ó ti ń di ọgbẹ́, bí ó ti ń tún ibùsùn ṣe, bí ó ti ń ṣọ́ aláìsàn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. A ó sì kọ ìdíwọ̀n sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti èyí tí ó dára jù lọ títí dé òdo. Kí a sọ pé ẹnìkan jẹ́ ọmọ dáadáa kò tó. Wọ́n ní láti fi hàn ohun tí ó mọ̀ àti ohun tí kò tíì mọ̀.

Ìdí tí ó fi dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ju kí nọ́ọ̀sì pọ̀ lọ. Ó fẹ́ àwọn tí yóò lọ ṣe olórí níbòmíràn. Ó tẹnu mọ́ ọn pé mátíróònù tí ó kọ́ṣẹ́ ni ó gbọdọ̀ ní àṣẹ lórí àwọn nọ́ọ̀sì, kì í ṣe àwọn tí ń ṣọ́ owó ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1865, Agnes Jones kó nọ́ọ̀sì 12 lẹ́yìn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn òtòṣì ní Liverpool, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ka aláìsàn sí ènìyàn rí. Ó tún ibẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ní ọdún 1868, àrùn typhus tí ó kó níbẹ̀ pa á. Ní ọdún 1868 kan náà, Lucy Osburn àti nọ́ọ̀sì 5 gúnlẹ̀ sí Sydney ní Ọsirélíà. Ní ọdún 1877, Linda Richards, ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá sí London láti wá wo bí wọ́n ti ń ṣe é.

Síbẹ̀ òkìkí kò tan Florence jẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1872, ó tún fi ojú ìwádìí wo ilé-ìwé tirẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí yàrá rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́ àti ẹni tí ó kọ́ wọn, ó sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ó rí i pé àwọn ẹ̀kọ́ kan wà lórí ìwé tí kò sí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, pé iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fi àwọn ọmọ náà ṣe ju pé kí a kọ́ wọn lọ. Wọ́n pààrọ̀ dókítà tí ó yẹ kí ó máa kọ́ wọn, wọ́n sì yan obìnrin kan tí yóò máa gbé pẹ̀lú wọn, tí yóò máa bójú tó ẹ̀kọ́ wọn.

ÈYÍ TÍ Ó FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ TÌ

Ìdánwò tí ó le jù ni ti ilé-ìwé àwọn agbẹ̀bí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1860 sí 1869, ó fi lára owó náà ṣí ibi ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn King's College ní London, kí a lè máa kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó jẹ́ iṣẹ́ rere tí ó wù ú púpọ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fi hàn pé ibà tí í kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ń pa àwọn abiyamọ níbẹ̀. Ní ọdún 1867, wọ́n ti ibẹ̀ pa. Kò dúró síbẹ̀. Ó kó ìṣirò jọ láti ilé ìgbẹ̀bí ní oríṣìíríṣìí orílẹ̀-èdè, ó sì fi wọ́n wé ti àwọn obìnrin tí ó bímọ nínú ilé ara wọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1871, ó fi hàn pé, ní àkókò náà, ẹni tí ó bímọ sínú ilé ara rẹ̀, bó ti wù kí ó tálákà tó, ní ìrètí ẹ̀mí ju ẹni tí ó lọ bímọ sí ọ̀pọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ilé tí ó kọ́, tí ó fi owó ọpẹ́ àwọn ènìyàn kọ́, ó gbà kí a tì í, nítorí pé iye àwọn òkú sọ pé kí a tì í. Ojú ti ọ̀pọ̀ aṣáájú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, èyí ju fìtílà lọ.

IBI TÍ Ó KÙ SÍ

A kò kọ ìtàn yìí láti sọ ọ́ di òrìṣà. Ó jẹ́ ọmọ ìjọba amúnisìn, irú ojú tí wọ́n sì fi ń wo ayé ni òun náà fi wò ó. Ní ọdún 1863, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ìlera ní ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ìwé ìbéèrè ni ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀pọ̀ ìdáhùn tí ó padà kò pé, nítorí pé àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kò ka ikú àwọn ènìyàn náà sí ohun tí ó yẹ ní kíkọ. Èyí tí ó pé fi hàn pé àwọn ọmọ náà ń kú ju àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ wọn lọ. Ó pariwo èyí, ó sì béèrè àtúnṣe. Ṣùgbọ́n kò béèrè ẹni tí ó fún Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ láti jẹ ọba lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìjọba dáadáa ni ó ń fẹ́ fún wọn, kò sọ pé kí wọ́n máa ṣe ìjọba ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé Mary Seacole, ọmọ erékùṣù Jàmáíkà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ó mọ egbòogi. Ní ọdún 1854, ó lọ bá àwọn aláṣẹ ní London pé òun fẹ́ bá àwọn nọ́ọ̀sì lọ sí ogun. Wọ́n kọ̀ ọ́. Ó fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀, ó sì ṣí ilé kan nítòsí Balaclava ní ọdún 1855, níbi tí ó ti ń bọ́ àwọn ọmọ ogun, tí ó sì ń tọ́jú wọn. Florence kọ́ ni ó kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1870, kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ìgbà ń yí. Ní ọdún 2016, wọ́n ṣí ère Mary Seacole nínú ọgbà ilé ìwòsàn St Thomas', níbi tí ilé-ìwé Florence wà.

Ó ṣe àṣìṣe mìíràn pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí òfin máa kọ orúkọ àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ sínú ìwé ìjọba, ó takò wọ́n. Ó ní ìdánwò kò lè díwọ̀n ìwà. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú kò gbà fún un. Ní ọdún 1919, òfin náà jáde.

IKÚ RẸ̀ ÀTI ÌRÀNWỌ́ RẸ̀ FÚN WA

Ní ọdún 1907, ó gba oyè Order of Merit, òun sì ni obìnrin kìíní tí ó gbà á. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 1910, ó sùn lọ ní London, ó jẹ́ ẹni 90 ọdún. Ìjọba fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey láàrin àwọn ọba, àwọn ẹbí rẹ̀ kò gbà. Ilé ìjọsìn kékeré kan ní East Wellow, nítòsí ilé baba rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí.

Okùn kan so ilé-ìwé rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1946, ọmọ Èkó kan, Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt, wọ ilé-ìwé Nightingale ní St Thomas'. Òun náà ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì láti kékeré, baba rẹ̀ kò sì fẹ́. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní ọdún 1954, ó padà sílé, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1964, ó di mátíróònù ibẹ̀, ọmọ Nàìjíríà kìíní tí ó dé ipò náà, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni ó ń wà níbẹ̀. Ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ọwọ́ Olóyè Pratt sì wà níbẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi í ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì gbogbo Nàìjíríà. Ó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 1992.

Ní ọdún 2020, tí ó pé 200 ọdún tí a bí Florence, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn nọ́ọ̀sì gbogbo ayé. Wọ́n rí nǹkan bí i mílíọ̀nù 28, wọ́n sì ṣírò pé àwọn tí ó kù kí ó tó pé tó mílíọ̀nù 5.9 ní ọdún 2018. Nínú 100 àyè tí ó ṣófo náà, 89 ni ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Nínú nọ́ọ̀sì 8, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ibi tí a bí i sí tàbí ibi tí ó ti kọ́ṣẹ́. Kò sí ẹbí kan ní ìlú wa tí kò mọ ohun tí iye yìí ń sọ.

Kí ni a ó wá fi díwọ̀n ìlọsíwájú ní ilẹ̀ wa? Ṣé iye ilé ìwòsàn tí a fi ìlù àti ìwúre ṣí ni? Ṣé iye aṣọ funfun tí a rán, tàbí iye ìwé ẹ̀rí tí a pín lọ́jọ́ àjọ̀dún? Bí Florence bá jí dìde, ohun tí yóò béèrè kò ní ju mẹ́ta lọ. Nínú àwọn tí ó wọlé, mélòó ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde? Nínú àwọn tí a kọ́, mélòó ni ó mọ iṣẹ́ náà, mélòó ni ó sì ṣì ń ṣe é láàrin wa? Nínú àwọn tí ń ṣe é, mélòó ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ohun kan kò dára, kí a sì gbọ́ wọn?

Kí àwọn olùkọ́ wa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò pẹ̀lú ìtàn yìí, kí wọ́n má ṣe fi fìtílà nìkan hàn wọ́n. Kí ẹni tí ó ń ṣe olórí ilé ìwòsàn, ilé-ìwé tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba kà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ní ìgboyà láti ka ohun tí ó kọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òun ni ìwé náà dá lẹ́bi. Ẹni tí kò mọ iye tí ó kù sínú àká kò ní mọ ìgbà tí ìyàn máa dé.